Kèfèrí àbí Ìbátan? Ìbànújẹ́ Onígbàgbọ́ nínú Ìwé Róòmù, Orí 9

Ọ̀rọ̀ méjì ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: èyí tí Pọ́ọ̀lù fi pe àwọn tí ó ń sunkún lé lórí, àti èyí tí àwa fi ń pe tiwa. Nínú Ìwé Róòmù orí 9, Pọ́ọ̀lù sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe gbọgbẹ́ nítorí àwọn Júù tí kò gba Kristi gbọ́, débi pé bí ó bá ṣe é ṣe, kí òun pàdánù Kristi nítorí wọn. Ìbátan ni Bíbélì Mímọ́ pè wọ́n. Àwọn Kèfèrí inú orí náà ni àwọn tí ó rí òdodo láìwá a kiri.

Lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ wa, ètò yìí ti dojú rú. Kèfèrí, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ti èdè Lárúbáwá, dúró nínú ìtumọ̀ náà fún ẹni tí kì í ṣe Júù. Lónìí, ó ti di orúkọ bàbá tí ó ń bọ Ògún àti ìyá tí ó ń bọ Ọ̀ṣun. Bẹ́ẹ̀, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tí ó pe ìyá rẹ̀ ní kèfèrí, tí ó tún ní òun ń káàánú rẹ̀, ọwọ́ wo ni ó fi ń júwe?

Gírámà pàápàá là wá lójú. Nínú ‘mo ṣàánú fún un’, asọ̀rọ̀ ni olùwà. Òkè ni ó dúró sí. Nínú ‘àánú rẹ̀ ṣe mí’, asọ̀rọ̀ di àbọ̀. Ohun kan láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó dé bá a. Ipò kejì yìí ni Pọ́ọ̀lù wà.

Àwọn kan lè fi ìtàn Samuel Ajayi Crowther ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848. Ìtumọ̀ Ìwé Róòmù tí Crowther ṣe jáde ní 1850. Ìtàn náà wọni lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò tó ẹ̀rí pé ìrora ọmọ ni ó darí yíyan ọ̀rọ̀. Inú ìwé fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí wà.

Nítorí náà, kí àwa olùkọ́ èdè ya ìlò Bíbélì sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò ìjọ nígbà tí a bá ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ó ń sunkún nítorí ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba orúkọ ìyá lọ́wọ́ rẹ̀.