Ogún Wenger ní Jíbówú

Ní Jíbówú, Arsène Wenger kò tíì fi Arsenal sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti lọ láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n tilẹ̀ ti gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ síwájú pápá Emirates ní 2023. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí nítòsí gáréèjì wa ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ó rí i pé ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Bí Arsenal bá borí, ẹnì kan á ní, "Wenger ló fi ìpìlẹ̀ yìí lélẹ̀." Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ẹlòmíì á ní, "Àrùn Wenger ló ṣì wà lára wọn." Èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì Onitsha á gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ kó lè dá sí i.

Àwa tí à ń kọ èyí, software là ń kọ jẹun ní àgbègbè Yábàá. A kì í ṣe oníròyìn eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò ní ọ́fíìsì: ibo ló dúró ṣinṣin, ibo ló ti ń jò? Ohun tí a rí ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń sọ òótọ́, àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn kọ́ ni ìbéèrè ogún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn Wenger. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní "ẹ̀gbọ́n", àwọn ló sì máa ń jókòó níwájú. Wenger dé láti Japan ní 1996, àwọn èèyàn ń béèrè pé ta tiẹ̀ nìyí. Ní 1998, ó ti gba líìgì àti FA Cup pọ̀. Ó tún gba méjèèjì ní 2002. Ní sáà 2003/04, nínú eré 38, wọ́n borí nínú 26, wọ́n ta ọ̀mì nínú 12, ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n. Eré líìgì 49 ni wọ́n gbá léraléra láìfìdí rẹmi kí Manchester United tó já okùn náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Nígbà tó fi máa lọ, FA Cup rẹ̀ ti pé méje, kò sì sí akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹ̀gbọ́n léèrè ìdí tó fi ń ṣe Arsenal, Kanu Nwankwo ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Kanu tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́kàn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé bọ́ọ̀lù ti tán fún, Wenger lọ rà á lọ́wọ́ Inter ní 1999. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Chelsea ti gbá méjì sáwọ̀n Arsenal ní Stamford Bridge. Kanu nìkan ló gbá mẹ́ta padà, kí ìṣẹ́jú ogún tó pé. Ẹ̀gbọ́n á dìde dúró kó tó sọ ti góòlù kẹta yẹn, á fi ẹsẹ̀ ṣàpèjúwe bó ṣe yọ gòólì sílẹ̀ nítòsí ìlà tó sì gbá a wọlé láti igun tí kò ṣeé gbá.

Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Wàhálà ẹjọ́ wọn ni pé aago wọn dúró ní 2005. Wọ́n á fò láti ibẹ̀ lọ sí àwọn FA Cup ti 2014, 2015 àti 2017, bí ẹni tó ń fo kòtò ní Ìkòròdú Road. Ohun tó wà nínú kòtò yẹn, wọn ò fẹ́ wò ó.

Àwọn àbúrò tó wà lẹ́yìn ló ń bá wọn wò ó. Àwọn yìí kò bá 49 yẹn láyé, tàbí kí wọ́n bá a lẹ́yìn ìyá wọn. Arsenal tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí Manchester United gbá 8-2 ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Òun ni Chelsea gbá 6-0 ní oṣù kẹta ọdún 2014, lọ́jọ́ tí Wenger pé eré ẹgbẹ̀rún kan gan-an. Òun ni Bayern gbá 5-1 lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní 2017. Láti 2005 títí dé 2014, wọn ò gba ife kan. Van Persie lọ bá Manchester United ní 2012, ó sì gba líìgì fún wọn ní sáà àkọ́kọ́. Ẹni tó fi gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ jẹ yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí lẹ fẹ́ kó sọ? "Wenger Out" tí wọ́n ń kọ nígbà náà, kì í ṣe àìmoore nìkan. Ìrora ni.

Àmọ́ àwọn náà ní ohun tí wọ́n fò. Highbury tí Arsenal ń lò tẹ́lẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 38 èèyàn lọ. Emirates tí wọ́n ṣí ní 2006 gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 60. Owó tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 390 pọ́n-ùn ni wọ́n fi kọ́ ọ, gbèsè ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni owó Abramovich ti wọ Chelsea láti 2003, tí owó Abu Dhabi sì wọ Manchester City ní 2008. Àwọn yẹn ń rà, Arsenal ń tà. Síbẹ̀, láti sáà 1996/97 títí dé 2015/16, ogún sáà gbáko, Arsenal kò já bọ́ kúrò ní ipò mẹ́rin àkọ́kọ́ rí. Ní Jíbówú, wọ́n sọ ipò kẹrin di àwàdà, wọ́n ń pè é ní ife Wenger. Ẹni tó bá ti kọ́lé pẹ̀lú owó èlé rí kò ní rẹ́rìn-ín. Ipò kẹrin ló ń mú owó Champions League wọlé, owó yẹn ni wọ́n sì ń kó fún báńkì. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ kì í ra gbogbo aṣọ ẹbí tí wọ́n bá gbé wá.

Ibi tí a ti bá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jà nìyí. Ẹ̀gbọ́n ń ka ohun tí bàbá jẹ nígbà tó lówó lọ́wọ́. Àbúrò ń ka ebi tó pa wọ́n nígbà tí ọwọ́ bàbá ń gbẹ. Èwo ni ogún ńbẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, ogún ni ohun tí àwọn ọmọ bá nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó: ilé, ilẹ̀, igi kòkó, àti gbèsè. Ife méje jẹ́ iyì, iyì sì ń bá ẹni tó ni ín lọ. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tó lè fi ife ọdún 2002 gbá bọ́ọ̀lù.

Níbi iṣẹ́ tiwa, a ní lílò kan fún ọ̀rọ̀ legacy tó yẹ kí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yá. Legacy code ni kóòdù àtijọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò, tí gbogbo ẹni tó kù ń bú, tó sì jẹ́ pé òun ló ń mú owó oṣù wọlé. Bí a bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́, ìbéèrè mẹ́ta là ń bi í. Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Gbèsè wo ló fi sílẹ̀? Ṣé ẹlòmíràn lè bá a tún un ṣe láìjẹ́ pé ó pe ẹni tó kọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká bi Wenger.

Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, púpọ̀. Ilé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ lónìí, àsìkò rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Mikel Arteta tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní oṣù Kejìlá 2019, Wenger ló mú un wọ ẹgbẹ́ ní 2011, tó sì fi ṣe balógun. Arteta gba FA Cup ní 2020, ó sì ṣe ipò kejì nínú líìgì ní 2023, 2024 àti 2025. Alex Iwobi tí wọ́n bí ní Èkó níbí, Wenger ló gbé e wọ ikọ̀ àgbà ní 2015. Saka, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kékeré ló ti wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal, Wenger sì ni olórí nígbà náà. Orúkọ rẹ̀, Bùkáyọ̀, ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú tábìlì líìgì kankan. Ní oṣù kejì ọdún 1999, Arsenal ń gbá Sheffield United nínú FA Cup. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù síta nítorí ẹni tó fara pa, ó sì yẹ kí Arsenal dá a padà. Kanu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ̀, ó gba bọ́ọ̀lù náà, ó gbé e fún Overmars, ó wọlé. Arsenal borí 2-1. Wenger ní òun ò fẹ́ irú ìborí bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n tún eré náà gbá. Wọ́n tún un gbá, wọ́n sì tún borí 2-1. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ohun tí olórí fi sílẹ̀, irú èyí náà wà lára rẹ̀.

Gbèsè ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló fara gbá èyí tó wúwo jù nínú ìnira rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórí ló ń kọ́lé tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ wá san án. Wenger jókòó ti gbèsè tirẹ̀, ó jẹ èébú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a ò fi lè fara mọ́ ẹni tó ní ọdún mẹ́sàn-án yẹn ṣòfò.

Ìbéèrè kẹta ni ẹjọ́ ti yí padà sí i lọ́wọ́. Níbi iṣẹ́ wa, ìbéèrè kan wà tí kò dùn-ún gbọ́: èèyàn mélòó ni bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọlù kí iṣẹ́ yìí tó dúró? Ní Jíbówú tí bọ́ọ̀sì ti fẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ, ìbéèrè yẹn kì í ṣe àwàdà. Ní Arsenal ti Wenger, ìdáhùn rẹ̀ ni ẹyọ ẹnì kan. David Dein tó mú un wá kúrò ní 2007. Láti ìgbà náà, ta ni wọ́n máa rà, ta ni wọ́n máa tà, báwo ni wọ́n ṣe máa gbá, gbogbo rẹ̀ ń gba orí tábìlì ẹnì kan kọjá. Nígbà tí ẹni náà lọ, Arsenal ṣe ipò karùn-ún, ó ṣe ìkẹjọ, ó tún ṣe ìkẹjọ. Unai Emery tó gbapò rẹ̀ kò lò tó ọdún méjì.

Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wenger kọ́ ilé, ó kọ́ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹni tí yóò di kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ń rí owó tó ń wọlé, ara sì rọ̀ wọ́n. Ní 2017, lẹ́yìn gbogbo ariwo, wọ́n tún fún un ní ìwé àdéhùn ọdún méjì. Ẹni tí wọn ò bá béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ló ṣe máa rántí fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ló jẹ́ kí àríyànjiyàn náà kan àwa fúnra wa ní Jíbówú. Kí satẹ́láìtì tó gbé líìgì Gẹ̀ẹ́sì wọ àdúgbò, ẹgbẹ́ tó ń da ilé rú ní Mainland ni Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí Israel Adebajo dá sílẹ̀, tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Adebajo Babes. Adebajo kú ní 1969. Stores kò kú: wọ́n dé àṣekágbá Cup Winners' Cup ti Áfíríkà ní 1981, wọ́n gba ife FA ní 1982 àti 1990, wọ́n gba líìgì ní 1992. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n já bọ́, aáwọ̀ lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ sì jẹ́ kí ó ṣòro láti gbé e dìde. Kọ́kọ́rọ́ náà ló tún dé yẹn.

Ẹ bi àwọn àbúrò tó wà lẹ́yìn pé ta ló kọ́ Stores ní bọ́ọ̀lù lọ́dún tí wọ́n gba líìgì. Ibi tí ariwo ti ń ya ilé tẹ́lẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan náà lè sọ fún yín pé Lehmann ni wọ́n lé jáde ní Paris lọ́dún 2006, pé Campbell ló kọ́kọ́ gbá a wọlé, pé Eto'o àti Belletti ló bà á jẹ́. A ò bá wọn wí. Ohun tí ẹnì kan ò pa ìtàn rẹ̀ mọ́, tí tẹlifíṣàn ò tún un fi hàn, báwo ni ọmọ tí wọ́n bí ní 2003 ṣe máa jiyàn lé e lórí?

Nítorí náà, a ò ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́ ọ̀rọ̀ Wenger. Àríyànjiyàn gan-an ló ń mú un wà láàyè ní àdúgbò tí kò gbé rí. Ẹgbẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń jà lórí rẹ̀ mọ́ ni ẹgbẹ́ tí ogún rẹ̀ ti fẹ́ parun. Ohun tí a ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ yí ìbéèrè padà. Ẹ yéé béèrè ife mélòó. Ẹ béèrè pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó lọ, ta ló lè ṣílẹ̀kùn? Kí ẹ sì bi ọ̀gá yín bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, kí ẹ bi alága ẹgbẹ́ àdúgbò yín bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ tiwa rèé: Wenger kọ́lé, ó fara da gbèsè rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni kò fi sílẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe olórí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó wà níwájú, a ti gbọ́ ti Kanu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti Stores fún wa ná. A ó gbọ́, a ó sì bá yín jiyàn.