Ìwé Barber Lórí Ẹgbẹ́ Adéjọbí
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá The Generation of Plays kà, ìwé tí Karin Barber kọ lọ́dún 2000. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá yéké, ó sì bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé. Ohun tó rí níbẹ̀ ló mú ìwé náà dùn: àwọn òṣèré ò há ọ̀rọ̀ sórí látinú ìwé, orí ìtàgé gan-an ni wọ́n ti ń hun ún, èrò ìwòran sì ń gbè é. Àléébù ibẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni. Lóòótọ́, òun àti Báyọ̀ Ògúndìjọ tẹ mẹ́ta nínú eré wọn jáde ní Yorùbá lọ́dún 1994. Àmọ́ ìyá tó gbọ́ Yorùbá nìkan, tó fẹ́ràn Kóòtù Aṣípa lórí tẹlifíṣọ̀n, ò lè ka àlàyé yìí. Àwa tá à ń pera wa ní òǹkọ̀wé, ta ló máa kọ ọ́ fún un?