Àwòrán Sinimá Àtijọ́ Tí Ènìyàn Fi Ṣe Ti Ara Rẹ̀

Bí a bá pàdé ẹni tí ó fẹ́ràn àwòrán sinimá àtijọ́, tí a sì bi í léèrè èwo ni ó dára jù nínú gbogbo wọn, kíá ni yóò dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Yóò dárúkọ olùdarí, yóò sọ bí a ti gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí, yóò sì sọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti wí nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ìbéèrè náà padà díẹ̀, tí a ní, “Ǹjẹ́ èwo ni ó jẹ́ tìrẹ nínú wọn?”, ohùn rẹ̀ yóò yí padà. Kì yóò rántí olùdarí mọ́. Bàbá rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí ilé kan tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀, tàbí alẹ́ ọdún kan tí gbogbo wọn ṣì pé. Ìdáhùn kejì yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí àwọn amòye a máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni, kò ní ìdájọ́ nínú. Àwọn àgbà wa náà sì ti wí pé ohun tí ó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú, bí ẹni pé kò yẹ kí a tún béèrè ìdí. Àwa kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Kí a má baà máa sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan ṣoṣo. Àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ It's a Wonderful Life, èyí tí àwa ìbá pè ní Ayé Yìí Dára Púpọ̀. Frank Capra ni ó darí rẹ̀, James Stewart sì ni ó ṣe George Bailey, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré púpọ̀. Òǹkọ̀wé kan, Philip Van Doren Stern, kọ ìtàn kúkúrú kan tí kò rí ẹni bá a tẹ̀ jáde. Ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà bí 200, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí káàdì ìkíni Kérésìmesì ní ọdún 1943. Láti inú káàdì yìí ni àwòrán náà ti jáde. A kọ́kọ́ fi í hàn ní New York ní oṣù Kejìlá ọdún 1946, nígbà tí Capra àti Stewart ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ ogun dé: ọ̀kan ti ń ṣe àwòrán fún àwọn ọmọ ogun, èkejì ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù. Owó tí wọ́n ná sí i ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ, owó náà kò sì padà wọlé. Nígbà tí a ń pín ẹ̀bùn Oscar fún àwọn àwòrán ọdún náà, The Best Years of Our Lives ni ó gba ipò kìíní. Liberty Films, ilé-iṣẹ́ tí Capra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀, ni a tà fún Paramount ní ọdún 1947. Bí ẹnìkan bá ti sọ nígbà náà pé àwọn ìdílé yóò máa jókòó ti àwòrán yìí lọ́dọọdún bí ẹni jókòó ti oúnjẹ ọdún, a ìbá fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ohun tí ó gbé e dìde jẹ́ èèṣì. Ní ọdún 1974, àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán náà kò sọ ẹ̀tọ́ wọn dọ̀tun bí òfin ti wí. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ti ń fi í hàn láìsan owó fún ẹnikẹ́ni, léraléra, ní gbogbo àkókò Kérésìmesì, títí di ọdún 1993 tí a fi òfin gbà á padà nítorí ẹ̀tọ́ tí ó ṣì wà lórí ìtàn Stern. Bí ogún ọdún gbáko ni ó fi jẹ́ ohun ọ̀fẹ́. Àwọn tí kò ka ìfẹ́ àwọn ènìyàn sí a máa gbá èyí mú: wọ́n ní àṣà lásán ni, wọ́n ní ohun tí a bá ń gbé ka iwájú ènìyàn lójoojúmọ́ ni yóò pè ní ààyò. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán mìíràn láti àkókò náà ni ẹ̀tọ́ wọn ti ṣòfò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì di ọ̀fẹ́. Ta ni ó ń pe ọmọ rẹ̀ wá wò wọ́n? Ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ kì í dá ènìyàn dúró sínú ilé. Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà nínú ilé náà.

Wàyí o, ìtàn náà nìyí. George Bailey jẹ́ ọmọ ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Bedford Falls, tí òun kò sì fẹ́ràn láti gbé inú rẹ̀ rárá. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ rí ayé, kí ó kọ́ afárá, kí ó kọ́ ilé gogoro. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó lọ, bàbá rẹ̀ kú, ó sì di dandan fún un láti jókòó ti ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, níbi tí àwọn tálákà ń da owó wọn pọ̀ sí, tí wọ́n sì ń yá níbẹ̀ láti kọ́ ilé. A kò ní í ṣe àlàyé gígùn fún ẹni tí ó ti dá èésú rí, tàbí tí ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó tí ó ti tọ́jú fún ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ ni ó fi rán àbúrò rẹ̀, Harry, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní èrò pé bí ó bá dé, yóò gba ipò òun. Harry dé pẹ̀lú ìyàwó àti iṣẹ́ tí bàbá ìyàwó fún un níbòmíràn. Ogun dé, Harry lọ, ó sì padà ní akọni. George kò lè lọ, nítorí etí rẹ̀ kan ti di nígbà tí ó bẹ́ sínú omi dídì láti yọ Harry yìí kan náà nígbà èwe wọn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an ni ìbẹ̀rù mú gbogbo ìlú, tí àwọn ènìyàn sì rọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ náà láti gba owó wọn. George kò tan wọ́n jẹ. Ó wí fún wọn pé owó wọn kò sí nínú àpótí; ó wà nínú ilé aládùúgbò wọn, owó aládùúgbò sì wà nínú ilé tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìfẹ́ ọmọnìkejì tí ó yéni tó o. Ó sì fi 2,000 dọ́là tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi rìnrìn-àjò ìgbéyàwó san fún wọn. Ọkùnrin kan dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé gbogbo 242 dọ́là òun ni òun fẹ́. Ìyá kan ní kí a fún òun ní 17 dọ́là àti ààbọ̀ péré. Nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, dọ́là 2 ni ó kù. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ rí, yálà ti ìjọ tàbí ti ìlú, kò lè wo apá yìí kí àyà rẹ̀ má já.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tí a rò pé ó jẹ́ ìdí ìfẹ́ náà. Ọmọdé tí ó bá wo àwòrán yìí a máa rí yìnyín, agogo tí ń dún, àti Clarence, áńgẹ́lì arúgbó tí kò tíì ní ìyẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin a máa rí Mary, àti alẹ́ ijó níbi tí ilẹ̀ yàrá là sí méjì tí gbogbo wọn sì ṣubú sínú omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá ti di onílé, tí ó ti ní ọmọ àti gbèsè, apá kan a yọ sí i bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í kún un. Alẹ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ni. Bàbá kékeré George ti sọ 8,000 dọ́là ẹgbẹ́ nù: ó wé owó náà mọ́ ìwé ìròyìn láìmọ̀, ó sì fi ìwé ìròyìn náà lé Potter lọ́wọ́, olówó ìlú tí ó kórìíra ẹgbẹ́ náà. Potter rí owó, ó dákẹ́. Ẹ̀wọ̀n ni George ń wò níwájú bí ó ti ń wọlé.

Ilé náà kún fún ayọ̀, ayọ̀ náà sì ń gún un. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ń ta dùùrù, orin kan náà lérí kan náà. Ọmọkùnrin ń béèrè bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ọmọ kékeré wà lókè, òtútù ti mú un nígbà tí ó ń bọ̀ láti ilé-ìwé. George gbé fóònù, ó sì bú olùkọ́ ọmọ náà ní èébú tí kò tọ́ sí i. (Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí yóò mọ bí ó ti máa ń rí, kí inú wọn dùn láti gbọ́ pé ọkọ olùkọ́ náà pàdé George lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì lù ú bolẹ̀.) Nígbà náà ni ó yíjú sí igun yàrá, níbi tí tábìlì kan wà, tí àwọn afárá àti ilé kékeré tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà lórí rẹ̀, àwòṣe ohun gbogbo tí kò rí kọ́ láyé rẹ̀. Ó fọ́ wọn. Àwọn ọmọ ń wò ó. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọmọdé a máa fojú fo apá yìí, nítorí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ áńgẹ́lì tí ń bọ̀. Ẹni ogójì ọdún kò lè fò ó. Nínú fọ́tò tí ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1946, tí kò fi ẹyọ kan kún un, ó rí bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan tí kò yé e nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, ó rí ara rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi máa ń sọ̀rọ̀ bàbá nígbà tí a bá bi í léèrè sinimá. Ààyò ni èyí tí ó ń bá a dàgbà, tí ó ní ìjókòó fún un ní gbogbo ọjọ́ orí. Ìdájọ́ ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń dá a kò mọ orúkọ rẹ̀. Fún ogójì ọdún, láti 1962, àwọn olùyẹ̀wò tí ìwé Sight and Sound ń kó jọ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá fi Citizen Kane sí ipò kìíní, a kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n a kò tíì bá ìdílé pàdé tí ń pe ọmọ jọ láti wò ó ní ọjọ́ Kérésìmesì.

Kì í ṣe pé àwòrán Capra kò ní àbùkù. Àwọn oníwàásù wa yóò kọ́kọ́ wí pé òkú ènìyàn kì í di áńgẹ́lì, ìyẹ́ kò sì sí fún ẹnikẹ́ni láti fi iṣẹ́ gbà; wọ́n jàre. Nígbà tí Clarence bá fi ayé hàn George bí ìbá ti rí bí a kò bá bí i, ìyọnu ńlá tí ó bá Mary ni pé kò lọ́kọ, ó sì di olùtọ́jú ilé ìkówèésí. Àwa mọ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí ìbá dúpẹ́ bí irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ bá yà sọ́dọ̀ wọn. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti Annie, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìyá George. Ẹ̀rín ni a fi ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, àní nígbà tí ó mú owó tí ó ti ń fi pamọ́ wá láti gba George là. Ẹni tí ó fẹ́ràn àwòrán yìí ní láti fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú yìí. Ní ti àwọn tí ó kun àwòrán náà ní àwọ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ìdí tí a fi ń pẹ́ lórí wọn. Stewart fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lòdì sí i.

Ṣùgbọ́n ohun kan tí àwọn kan pè ní àbùkù ni àwa pè ní agbára rẹ̀. Potter kò jìyà. Ní àkókò náà, àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood ní ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀daràn kì í sábà lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àwòrán wọn. Potter lọ. Àwọn ará ìlú da owó sórí tábìlì George, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tẹ wáyà láti London pé òun yóò fi owó tí ó tó 25,000 dọ́là ràn án lọ́wọ́, wọ́n kọrin. Títí àwòrán náà fi parí, George kò mọ ibi tí 8,000 náà wọ̀. Bí a bá ti mú Potter, ìtàn ọmọdé ni ìbá jẹ́, a ìbá sì ti kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tí a kúrò ní ọmọdé. Ẹni tí a ti rẹ́ jẹ rí, tí kò sì rí ẹni gbèjà rẹ̀, lè wo ìparí náà láìrò pé wọ́n ń purọ́ fún òun.

Ohun kan ṣì kù tí a máa ń rántí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí George rò pé òun ń lọ, ó wọ ilé ìtajà láti ra àpótí ìrìn-àjò, ó ní kí ó tóbi gan-an. Wọ́n fún un ní ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Gower arúgbó, oníṣègùn tí ó bá ṣiṣẹ́ lọ́mọdé, ti san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa ní ẹgbẹ́ tí ó ti rékọjá òkun, tí àwọn ṣì wà níwájú pátákó ìkọ̀wé ní ìlú tí a bí wọn sí. Ní alẹ́ ìkẹyìn yẹn, nínú ariwo àti orin, kò sí ẹni tí ó béèrè àpótí náà.