Ọ̀rọ̀ Tó Fọ́n Káàkiri: Ta Ni Yóò Rò Ó Pọ̀?

Bí a bá dárúkọ Jarwal, àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà yóò mọ ibi tí à ń wí: àdúgbò tí kò jìnnà sí Mọ́ṣáláṣí Mímọ́, níbi tí kànga Tuwa wà. Ibẹ̀ ni a gbọ́ pé Ànábì Muhammad sùn mọ́jú, tí ó sì wẹ̀, kí ó tó wọ ìlú. Kànga kan ṣoṣo ni, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò láyé ìgbà náà, etí kànga bẹ́ẹ̀ ni ì bá dúró sí.

Ẹ wá wo Alájì kan láti Ìlọrin tàbí Ìbàdàn tó dúró ní Jarwal yìí kan náà lóde òní, tòun ti fóònù rẹ̀. Yóò fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp. Yóò gbé àwòrán sórí Facebook. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù yóò tún gbé e lọ sórí X, èyí tí à ń pè ní Twitter títí di 2023. Èsì yóò máa wọlé níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè lórí Facebook kò ní mọ̀ pé ó ti dáhùn rẹ̀ láti àárọ̀ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ, ṣùgbọ́n ìjíròrò mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan kò sì gbọ́ ohùn èkejì.

A kò ní kí ènìyàn má ná ju ọjà kan lọ. Ohun tí à ń bá wí ni pé kò sí ìwé àkópọ̀. Nígbà tí a ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó lókè òkun, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kì wá nílọ̀ fún nìyí: bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní ẹ̀ka mẹ́fà, ìwé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè gún régé, kí irọ́ sì wà nínú gbogbo rẹ̀ títí a ó fi kó wọn sójú kan. (Ẹ má bínú sí wa, iṣẹ́ ẹni níí wà lẹ́nu ẹni.)

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, èrò tẹ ara wọn pa ní Mínà, ní ẹ̀yìn ìlú Mẹ́kà. Ìjọba Sáúdí kéde pé òkú jẹ́ 769, wọn kò sì yí iye náà padà mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Iran ka 464. Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn akọ̀ròyìn AP ti kọ ọ́, jẹ́ 274. Àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ 738. Bí òkú bá jẹ́ 769 lóòótọ́, 31 péré ló kù fún gbogbo ayé yòókù, bẹ́ẹ̀ Mali nìkan pàdánù ènìyàn tó lé ní 300! Àwọn AP yìí kò ní ojú tó ju ti ẹlòmíràn lọ. Ohun tí orílẹ̀-èdè 36 sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rò pọ̀, tí wọ́n fi dé 2,411 nínú oṣù Kejìlá ọdún náà.

Iye òkú rí ẹni rò ó pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó yè ńkọ́? Ọ̀nà wo ló dí, ta ló fún wọn lómi, aago mélòó ni? Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ará ilé lórí WhatsApp, wọ́n kọ díẹ̀ sórí Facebook, àwọn tí kò sí níbẹ̀ sì ń jiyàn rẹ̀ lórí Twitter. Ẹni tó bá pààrọ̀ fóònù láìfi nǹkan pamọ́ ti sọ tirẹ̀ nù.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ní 2007, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Google dá FriendFeed sílẹ̀, tí ó ń kó ohun tí ènìyàn bá kọ síhìn-ín sọ́hùn-ún wá sójú kan. Ó wù wá, ṣùgbọ́n ó ní àléébù: ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, òun náà sì di ilé mìíràn. Facebook rà á ní 2009, ó sì tì í pa nínú oṣù Kẹrin 2015. Google+ kógbá wọlé ní 2019. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de Twitter láti oṣù Kẹfà 2021 sí oṣù Kìíní 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ lọ ṣí ojúlé sórí Koo ti àwọn ará Íńdíà. Koo náà ti kú ní 2024. Ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà kò ní fẹ́ kí a la ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, nítorí náà kí á má retí pé àwọn onílé wọ̀nyí ni yóò bá wa kó ọ̀rọ̀ wa jọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni ti WhatsApp, kò yẹ kí a kó o síta. Òótọ́ ni, ìlẹ̀kùn tó tì náà wúlò. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí a fi pamọ́ àti ohun tí ó sọnù. Bí ohùn bàbá tàbí ìyá yín láti Mínà bá wà nínú fóònù yín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀, tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí ó bá ti lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ fi ọjọ́ àti ibi tó dúró sí síwájú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi dá a lóhùn sábẹ́ rẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti dá a.