Àgbéyẹ̀wò ìwé Linux From Scratch: ipò àlàyé nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn lè fo ojú ewé kan kí adùn ìtàn náà má sì bàjẹ́. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá fo ìlà kan nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Nítorí náà ni ìwé Linux From Scratch, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, fi yẹ ní àgbéyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ ìwé fún ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, wà lára àwọn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà á ní sísè, bí ẹni ra ẹ̀kọ lọ́jà. Ìwé tí Gerard Beekmans dá sílẹ̀ ní 1999, tí àwọn mìíràn sì ń tún ṣe láti ìgbà náà wá, ń kọ́ òǹkàwé láti se é fúnra rẹ̀: yóò mú àkọsílẹ̀ tí àwọn òǹṣètò kọ, yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́, ètò kan lẹ́yìn èkejì, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé. Ẹ̀dà 12.0, tí ó jáde ní 2023, ní orí 11. A ti túmọ̀ ìwé náà sí Faransé, ṣùgbọ́n àwọn àṣẹ tí a ń tẹ̀ kò yí padà. Àlàyé nìkan ni a ń túmọ̀. Àlàyé yìí gan-an ni ó yẹ kí a wọ̀n.

Ètò ìwé náà dára púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń kọ́ GCC, ètò tí ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà: lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú irinṣẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú àkọ́kọ́ yẹn, lẹ́ẹ̀kẹta nínú ilé tuntun fúnra rẹ̀. Òǹkàwé tí kò ní sùúrù lè rò pé àṣetúnṣe lásán ni, ṣùgbọ́n ìwé náà sọ ìdí rẹ̀: kí ètò tuntun má ṣe gbára lé ti àtijọ́. Àkókò pàápàá ní òṣùwọ̀n. Iye ìṣẹ́jú tí Binutils, ètò àkọ́kọ́, bá gbà lórí ẹ̀rọ òǹkàwé ni a ń pè ní SBU 1. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú 5, ètò tí a kọ SBU 4 sí yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20.

Èyí tí ó tayọ jù ni bí ó ti ń kìlọ̀. Orúkọ LFS dúró fún ibi tí a ń kọ́lé sí. Bí a kò bá fi í lélẹ̀ bí ó ti yẹ, tí a sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára root, àṣẹ tí ń gbé Glibc kalẹ̀ lè ba ẹ̀rọ tí a ń lò jẹ́. Ṣáájú àṣẹ náà ni ìkìlọ̀ yìí wà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ìwé ní kí a túmọ̀ ètò kékeré kan, ó sì kọ èsì tí ó yẹ kí a rí sílẹ̀. Bí èsì bá yàtọ̀, kí òǹkàwé padà sẹ́yìn. Bí àmì ohùn ti ń ya ọkọ́ àgbẹ̀ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ awakọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì kékeré kan ń yí àṣẹ padà. Irú àyẹ̀wò yìí ni ó ń fi àṣìṣe hàn kí ó tó di ńlá.

Síbẹ̀, àbùkù méjì wà. Ìtọ́ni pé kí a tú ìdì ètò kọ̀ọ̀kan, kí a wọ inú fódà rẹ̀, kí a sì pa fódà náà rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a là á kalẹ̀, ṣáájú orí karùn-ún. Ẹni tí ó bá fo ojú ewé náà ti ṣìnà. Èkejì wúwo jù: lójú ewé Binutils, àṣẹ ni ó ṣáájú, ìtumọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó tẹ̀lé e. Ọwọ́ tí ń kánjú yóò ti tẹ àṣẹ kí ojú tó kan ìtumọ̀. Lóòótọ́, ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ lè fẹ́ rí àṣẹ ní kíá. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó fẹ́ kí òǹkàwé mọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí adàwékọ ṣe àṣeyọrí láìlóye. Ipò tí ó fi ìkìlọ̀ sí fi hàn pé àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ mọ ọgbọ́n náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí kọ̀ǹpútà. Ìwé pélébé tí ń kọ́ni bí a ti í po omi oníyọ̀ òun ṣúgà fún ọmọ tí ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru sọ pé: lítà omi mímọ́ 1, ṣíbí kékeré ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Bí gbólóhùn tí ó ní kí iyọ̀ má ga ju etí ṣíbí lọ bá wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, ìyá ọmọ ti lè da iyọ̀ àpọ̀jù sínú omi kí ó tó kà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹkàwé nìkan ni ẹ̀sọ̀ yẹ: ó yẹ òǹkọ̀wé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ kí ó tó ṣe iṣẹ́, ṣáájú iṣẹ́ náà ni kí a kọ ọ́ sí.