Ọwọ́ Bàbá Nínú Agbọ̀n Kòkó

Bàbá àgbà wa kì í fi àdá fọ́ kòkó. Kùmọ̀ kékeré kan ló ní. Ẹ̀ka igi orógbó ni, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ibi tó máa ń dì mú sì ti dán gbinrin. Á gbé kòkó lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi kùmọ̀ kàn án nígbáàdí lẹ́ẹ̀kan, á yí i díẹ̀, á tún kàn án, èèpo á sì là láìsí hóró kan tó fara pa nínú. Àwọn tó ń fi àdá fọ́ tiwọn yára jù ú lọ, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí hóró tí àdá gé lára, á mú un wá síwájú ojú mi.

"Àkànní, wo ojú ọgbẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni kòkòrò máa gbà wọlé."

Ẹ̀bá ọ̀nà Àkànrán ni abúlé wa wà, ní Ọ̀nà Àrà. Nígbà ayé Bàbá, kòkó ló gba gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ títí dé apá Ẹgbẹ́dá. Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi kọ́ Ilé Kòkó sí Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 1965. Bàbá débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní ó ga lóòótọ́, ó sì padà sóko nítorí kòkó tó sá sóòrùn.

Láti oṣù Kẹsàn-án títí dé oṣù Kejìlá ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. Kòkó tó wà nítòsí, ọ̀bẹ ló fi ń gé e; èyí tó wà lókè, gọ̀ǹgọ̀ ló fi ń já a. Kì í fà á ya lára igi láé. Ojú ibi tí kòkó kan ti so náà ni òdòdó mìíràn yóò tún ti yọ, ẹni tó bá sì ya èèpo igi níbẹ̀ ti pa ojú náà nìyẹn. Nítorí náà, á gé ìdí èso náà gẹ́rẹ́, á fi kùkùté bíńtín sílẹ̀ lára igi.

Agbọ̀n tó ń da kòkó sí, òun náà ló ń hun ún. Ọ̀sán tí òjò bá dá wa dúró sílé ló máa ń mú imọ̀ ọ̀pẹ jókòó. Á bó awọ líle ẹ̀yìn rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé itan, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha inú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, á wá kó gbogbo rẹ̀ sínú omi. Tó bá yá, á dábùú mẹ́rin lórí mẹ́rin nílẹ̀, á fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ àárín rẹ̀. Orí mẹ́rìndínlógún ló jáde yẹn. Ibẹ̀ ni yóò ti mú ẹyọ kan sí i, á kì í bọ ẹ̀gbẹ́ kan, kó lè di mẹ́tàdínlógún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù gba òkè ọ̀kan, gba abẹ́ èkejì, yípo.

Mo bi í léèrè ohun tí ẹyọ kan yẹn wà fún. Kò dá mi lóhùn. Ó fà á yọ, ó ní kí n máa hun ún lọ. Nígbà tí mo yípo dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, òkè padà bọ́ sórí òkè, abẹ́ padà bọ́ sábẹ́, kò sí ohun tó di ohunkóhun mú. Ó tú u, ó ki ẹyọ náà padà, ó gbé e fún mi.

Ìdí agbọ̀n ò gbọdọ̀ dí jù. Omi funfun dídùn tó yí hóró kòkó ká, tí àwa ọmọdé máa ń mu títí inú á fi run wá, ibẹ̀ ni yóò máa jò gbà. Bàbá á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀, á fi ẹnu ọ̀bẹ dá a lu káàkiri, á da kòkó tútù sí i, á fi ewé mìíràn bò ó, á sì gbé òkúta lé e. Láti ìgbà náà lọ, imú rẹ̀ ló ń bá a ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, òórùn rẹ̀ dà bí ẹmu òwúrọ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹmu náà ti kan. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ta síni nímú bí omi ògì tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta yẹn ló máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sọ pé àárín rẹ̀ máa ń tó ìwọ̀n 45 sí 50 Celsius. Ní ti Bàbá, á dijú, á máa ka oókan, eéjì. Tó bá kà á dé ogún tí ara ò tíì kọ̀ ọ́, á ní kò tíì gbóná tó, á wá ewé kún ewé. Tó bá ti gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú láti inú agbọ̀n kan sí èkejì, kí tòkè lè di tìsàlẹ̀, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè bọ́ sáàárín. Ó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Tí ọjọ́ mẹ́fà bá pé gbáko, á fi eyín la hóró kan. Tó bá ṣì ní àwọ̀ àlùkò nínú látòkè délẹ̀, iṣẹ́ kù. Tó bá ti ń pa dà sí àwọ̀ obì gbígbẹ, ó di ká gbé e sóòrùn.

Lọ́dún 1968, nínú oṣù Kọkànlá, ogun Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú ìjọba, gbóná lágbègbè wa. Owó orí ti wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó ò sì tó nǹkan. Táfá Adéoyè ará Àkànrán wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ọdún 1969 ni ìjọba tó gbà láti dín owó orí kù sí £2. Bàbá kì í sọ ohun tó ṣe nínú ìjà náà, a ò sì bi í. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni pé agbọ̀n mẹ́ta wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan tí gbogbo abúlé sá wọ igbó, òun sì wọlé lóru, láìtan iná, òun yí i pa dà.

Orí ẹní ló ń sá kòkó sí, lórí igi tó nà gbọọrọ kúrò nílẹ̀. Láàárọ̀, á gun ún láìwọ bàtà, á máa wọ́ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ lọ bọ̀, kí hóró má baà lẹ̀ mọ́ra. Èyí tó bu, tí funfun hù lára rẹ̀, á ṣà á sọ nù. Kò sá a mọ́ oòrùn líle lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ó ní tí ẹ̀yìn bá yára gbẹ, inú á há kíkan mọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un mọ́ etí. Tó bá dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó ti di ti àpò.

Èèpo tó kù, ti Ìyá àgbà ni. Á sá a gbẹ, á sun ún di eérú, á sẹ́ omi rẹ̀, á sì fi àdín sè é di ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ yẹn la fi wẹ̀ dàgbà.

Oṣù Kẹjọ ni Bàbá kú. Kòkó tó gbìn sẹ́yìn ilé pọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, àwa ọmọ-ọmọ sì já a, a fọ́ ọ pẹ̀lú kùmọ̀ orógbó. Agbọ̀n tó hun gbẹ̀yìn wà lórí àjà. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo nu eruku ara rẹ̀, mo sì ka àwọn orí rẹ̀ kí a tó da kòkó sí i. Mẹ́tàdínlógún ni.