Ẹ̀rí Tí Dókítà Kò Gbà Gbọ́: Àyẹ̀wò Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn Nínú Fíìmù Dead of Night (1945)

Ìfáárà

Ìdájọ́ kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àṣà láàárín àwọn aṣelámèyítọ́ nípa Dead of Night, fíìmù adẹ́rùbani tí ilé-iṣẹ́ Ealing Studios gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945. Wọ́n ní ìtàn márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ kò dọ́gba: pé ìtàn dígí àti ìtàn ọmọlangidi dára púpọ̀, pé ti ọkọ̀ agbókùú àti ti ọdún Kérésìmesì kò burú, ṣùgbọ́n pé ti àwọn méjì tí ń gbá gọ́ọ̀fù jẹ́ àpárá lásán tó ń tú ẹ̀rù inú fíìmù náà ká. Àwọn tó kọ́kọ́ pín fíìmù náà ká ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ gé ìtàn gọ́ọ̀fù yìí kúrò, wọ́n sì gé ti Kérésìmesì mọ́ ọn.

Èrò tiwa yàtọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe òkú tó ń rìn ni orísun ẹ̀rù nínú Dead of Night bí kò ṣe ẹ̀rí: ta ló jẹ́ ẹ, ta ló gbọ́ ọ, ta ló gbà á gbọ́, kí ló sì dé bá ẹni tó gbọ́ tí kò gbà? Bí a bá fi ojú yìí wo fíìmù náà, a ó rí i pé ìtàn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, títí kan èyí tí wọ́n ní kí a gé dànù.

Ilé oko tó di ilé ẹjọ́

Michael Balcon ló ṣe agbátẹrù fíìmù náà, ẹni mẹ́rin ló sì pín iṣẹ́ ìdarí rẹ̀ láàárín ara wọn. Basil Dearden darí ìtàn ọkọ̀ agbókùú àti ìtàn tó so gbogbo wọn pọ̀. Alberto Cavalcanti, ọmọ bíbí ìlú Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bràsíl, darí ti Kérésìmesì àti ti ọmọlangidi. Robert Hamer darí ti dígí, Charles Crichton sì darí ti gọ́ọ̀fù. Irú ìpín-iṣẹ́ báyìí lè sọ fíìmù di aṣọ alábùlẹ̀. Ìtàn tó so wọ́n pọ̀ ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Walter Craig, ayàwòrán-ilé, tí Mervyn Johns ṣe, ni olú ẹ̀dá ìtàn. Eliot Foley ránṣẹ́ pè é sí ilé oko rẹ̀ ní agbègbè Kent kí ó wá wo bí wọn yóò ṣe tún ilé náà ṣe. Bí Craig ti dé ni ó rí i pé òun mọ ilé náà, òun sì mọ gbogbo àlejò tó jókòó níbẹ̀. Inú àlá tí ó máa ń lá léraléra ló ti mọ̀ wọ́n. Ó sọ pé obìnrin kan tí kò ní owó lọ́wọ́ yóò dé láìpẹ́. Kò pẹ́, obìnrin náà dé. Ó tún mọ̀ pé ibi ni àlá náà ń já sí, ṣùgbọ́n kò lè rántí gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ni Dókítà van Straaten, oníṣègùn ọpọlọ. Kò sí ohun tí Craig sọ tí kò ní àlàyé fún. Ìjiyàn yìí ló bí àwọn ìtàn yòókù. Àlejò kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí rí, kì í ṣe láti dá àwùjọ lára yá, bí kò ṣe láti jẹ́rìí gbe Craig. Báyìí ni yàrá ìgbàlejò ṣe di ilé ẹjọ́: àwọn àlejò ni ẹlẹ́rìí, dókítà ni agbẹjọ́rò tó ń tú ẹ̀rí wọn palẹ̀, àwa òǹwòran sì ni a fi ṣe adájọ́. Ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn kò jẹ́ kí a tètè rí i pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni wọ́n ń sọ.

Àwọn tó gbọ́ ìkìlọ̀

Ẹlẹ́rìí kìíní ni Hugh Grainger, awakọ̀ eré ìje tó ní ìjàǹbá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn, aago tó ń lọ sí mẹ́wàá alẹ́ ṣàdédé di mẹ́rin ó lé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ká aṣọ ojú fèrèsé, ó rí i pé ojúmọmọ ni, ó sì rí ọkọ̀ agbókùú nísàlẹ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ ń sọ fún un pé àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ìjàǹbá náà ló ṣì ń da ọkàn rẹ̀ láàmú. Nígbà tí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, ó sì rí i pé kọ́ńdọ́ ọkọ̀ náà kò yàtọ̀ sí awakọ̀ ọkọ̀ agbókùú, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ti ẹnu rẹ̀ jáde. Grainger kò wọlé. Bọ́ọ̀sì náà kò rìn jìnnà kí ó tó já sọ́gbun níṣojú rẹ̀. Grainger kò mọ ìdí tí òun fi rí ohun tí òun rí. Ó kàn gbà á gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ ni, ìyẹn ló sì gbà á là.

Sally O'Hara ló tẹ̀ lé e, òun ló kéré jù nínú wọn. Níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ìfarapamọ́ ní ọdún Kérésìmesì, ó ṣi ìlẹ̀kùn kan, ó bá ọmọkùnrin kékeré kan tó ń sunkún pé ẹ̀gbọ́n òun Constance fẹ́ pa òun. Sally rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó kọrin fún un títí ó fi sùn. Ìgbà tí ó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dárúkọ ọmọ náà, Francis Kent, ni ó tó mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ti pa lọ́jọ́ tó ti pẹ́ ni. Àwọn tó gé ìtàn yìí kúrò kò fi bẹ́ẹ̀ ro ohun tí ó ń ṣe. Nínú ìwé ìrántí ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà ti wá: wọ́n pa Francis Kent ní ilé Road Hill ní ọdún 1860, Constance tí í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀ sì jẹ́wọ́ ní ọdún 1865. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ nínú yàrá náà, èyí nìkan ni ẹni tó ń wòran lè rìn jáde láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ọmọdé ni fíìmù náà sì fi í sí.

Ìtàn dígí mú ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú. Joan ra dígí àtijọ́ kan fún Peter, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Peter bẹ̀rẹ̀ sí í rí yàrá mìíràn nínú rẹ̀, yàrá àwọn ará àtijọ́ tí iná ìdáná ń jó nínú rẹ̀. Joan kò rí nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta dígí náà ni ó ti gbọ́ pé ọkùnrin tó ni ín tẹ́lẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn pa, kí ó tó pa ara rẹ̀. Nígbà tí Peter fẹ́ fún òun náà lọ́rùn ni Joan tó rí yàrá náà fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò dúró wádìí. Ó fọ́ dígí náà. Hamer kò fi ariwo kankan kún ìran yìí. Ó mú wa dúró sí ẹ̀gbẹ́ Joan, níbi tí dígí ti jẹ́ dígí lásán, títí ìṣẹ́jú tí àìrí àti àìgbàgbọ́ fi fẹ́ pa obìnrin náà.

Ẹlẹ́rìí èké

A ti dé ibi tí ìjà wà. Foley, ẹni tó ni ilé, ló sọ ìtàn gọ́ọ̀fù kí ara lè tu àwọn àlejò rẹ̀. Parratt àti Potter, tí Basil Radford àti Naunton Wayne ṣe, nífẹ̀ẹ́ obìnrin kan náà. Wọ́n pinnu pé ẹni tó bá borí nínú ayò ni yóò fẹ́ ẹ. Potter pàdánù, ó sì rìn wọ inú adágún lọ. Nígbà tí ó mọ̀ lẹ́yìn ikú pé Parratt ló rẹ́ òun jẹ, ó padà wá, ṣùgbọ́n ó gbàgbé àmì ọwọ́ tí yóò fi pòórá. Níkẹyìn, Parratt ló ṣèèṣì pòórá, Potter sì lọ bá ìyàwó.

A gbà pé ìtàn náà ní àbùkù. Obìnrin tí wọ́n ń du kò ní ohùn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ bí ife ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn Joan tó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ara rẹ̀ là, èyí kò bójú mu. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ipò tí ìtàn náà wà nínú àhunpọ̀ ìtàn. Foley nìkan ni ẹlẹ́rìí tí kò jẹ́rìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Kókó ìtàn rẹ̀ sì ni irọ́: Parratt purọ́ nípa iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó kù gba irọ́ náà gbọ́, ẹnì kan sì tìtorí rẹ̀ kú. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ẹ̀rí òtítọ́ mẹ́ta tí dókítà kò gbà, ẹ̀rí èké dé, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ọkàn wa balẹ̀, a sì gbàgbé pé ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí ẹ̀rù ń bà. Àwọn tó gé ìtàn yìí kúrò gé ẹ̀rín tó sọ àwa òǹwòran di alábàáṣe dókítà.

Ìtàn dókítà

Ẹnu dókítà ni ìtàn ìkẹyìn, tó burú jù, ti wá. Wọ́n pè é láti yẹ Maxwell Frere wò, òṣèré kan tó máa ń mú ọmọlangidi rẹ̀, Hugo, sọ̀rọ̀ láìmi ètè. Frere ti yìnbọn lu òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Sylvester Kee, nítorí ó gbà pé Hugo fẹ́ fi òun sílẹ̀ tẹ̀ lé e lọ. Ìtàn tó wà nínú ìtàn pọ̀ níbí: dókítà ń sọ fún Craig ohun tí Kee sọ nípa ohun tí Hugo sọ. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí a ti gbọ́, èyí ló jìnnà sí orísun rẹ̀ jù, òun náà ló sì wọni lára jù, pàápàá nítorí ojú Michael Redgrave, ojú ẹni tí ohùn ara rẹ̀ ń bá wí ní gbangba.

Dókítà van Straaten ní àlàyé: ènìyàn méjì ló ń gbé inú Frere. Kò sí iwin níbẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé Hugo wá fún Frere nínú àtìmọ́lé, kí òun lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Frere fọ́ ojú ọmọlangidi náà mọ́lẹ̀, ọkàn òun náà sì fọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí Kee wá kí i ní ilé ìwòsàn, ohùn Hugo ló jáde lẹ́nu Frere. Àlàyé dókítà péye, kò sì wo ẹnikẹ́ni sàn. Grainger àti Joan tí wọn kò ní àlàyé ni wọ́n yè.

Ìtàn tí kò pa ìlẹ̀kùn dé

Awò ojú dókítà fọ́, òun àti Craig nìkan ló kù nínú yàrá. Craig fún un lọ́rùn pa. Ó wá ń sá láti inú ìtàn kan bọ́ sínú òmíràn, ó gbá Sally létí, ó bọ́ sínú yàrá àtìmọ́lé, Hugo sì dìde fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá fún òun náà lọ́rùn. Ó ta jí lórí ibùsùn rẹ̀. Tẹlifóònù dún: Foley ló ń pè é sí ilé oko. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó lọ, pé ìgbèríko yóò ṣe é lóore. Fíìmù náà parí síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ Craig tó ń wọ ọ̀nà ilé náà.

Ẹni tó mọ àlọ́ yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ṣe níbí. Apàlọ́ ní gbólóhùn tí ó fi ń ṣí ìlẹ̀kùn ìtàn, ó sì ní èyí tí ó fi ń tì í, kí àwọn ọmọ lè lọ sùn láìsí pé ìjàpá tàbí ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé wọn wọlé. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, òǹkọ̀wé jókòó, ó ń kọ ohun tí Àkàrà-ògùn ń sọ sílẹ̀. Ewu inú igbó kò já lu àwọn tó ń gbọ́. Dead of Night kọ ààbò yìí. Ẹ̀dá inú ìtàn rìn jáde wá pa ẹni tó gbọ́ ọ.

Àwọn fíìmù tí ilé-iṣẹ́ Amicus ṣe lẹ́yìn náà tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dé ibẹ̀. Nínú Dr. Terror's House of Horrors (1965), a mọ̀ nígbẹ̀yìn pé òkú ni gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin náà. Ìdájọ́ nìyẹn, ẹjọ́ sì parí. Ẹjọ́ ti Craig kò parí. Àyíká tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin yìí tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta tó wo fíìmù náà, Hermann Bondi, Thomas Gold àti Fred Hoyle. Gold béèrè bóyá àgbáńlá ayé náà lè rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà sì wà lára ohun tó bí àbá tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1948 pé àgbáńlá ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Bí a bá ní kí a fi ìtàn tó dùn jù díwọ̀n Dead of Night, a ó pàdánù ohun tí ó ń wí. Márààrún ni ẹ̀rí, ìkẹyìn sì jẹ́ ẹ̀rí lòdì sí ẹni tó jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti jókòó ti àwọn ènìyàn, kí a gba ìtàn lẹ́nu wọn, kí a sì pín in sí ìsọ̀rí. Van Straaten kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ìkà. Ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà dáadáa, ó sì sọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ohun tí kò ṣe ni pé kò bi Craig léèrè ohun tí ó yẹ kí àwọn ṣe báyìí, nígbà tí àkókò ṣì wà fún ọkùnrin náà láti dìde kúrò ní ilé náà.